Kìmónò ṣẹ́dà olódòdó ńlá: bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí a ṣe ń fọ̀ ọ́, bí a ṣe ń tún un ṣe

Meisen ni orúkọ kìmónò tí ìtọ́sọ́nà yìí dá lé. Ṣẹ́dà ni wọ́n fi hun ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ ayẹyẹ ńlá. Aṣọ ìgboro ni, èyí tí obìnrin Japan máa ń wọ̀ láyé ìgbà yẹn lọ sọ́jà, lọ síbi iṣẹ́, lọ kí ọ̀rẹ́. Àwọn ìlú tó gbajúmọ̀ jù fún un ni Isesaki àti Kiryu ní Gunma, Ashikaga ní Tochigi, Chichibu ní Saitama, àti Hachioji ní ẹkùn Tokyo. Láàárín ọdún 1920 sí 1940 ni òdòdó ara rẹ̀ tóbi jù, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń pariwo jù: òdòdó botan tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, róòsì pupa lórí àlùkò, òdòdó kiku aláwọ̀ ewé tí kò sí irú rẹ̀ nínú ọgbà ẹnikẹ́ni. Aró kẹ́míkà tó ti Yúróòpù dé ló jẹ́ kí wọ́n lè dá irú àrà bẹ́ẹ̀ ní iye tí ará ìlú lè rà.

Ohun kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn, torí òun ló máa pinnu gbogbo ohun tí ẹ ó ṣe sí aṣọ yìí: inú òwú ni òdòdó náà wà, kò sí lórí aṣọ. Kí ahunṣọ tó jókòó sídìí òfì, wọ́n á ti ta òwú òòró, ìyẹn àwọn òwú tó lọ láti òkè dé ilẹ̀ aṣọ. Wọ́n á fi òwú ìbú díẹ̀ hun ún gbàgẹ̀rẹ̀ kó má baà dàrú. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí pátákó gígùn, wọ́n á gbé bébà líle tí wọ́n gé ihò òdòdó sí lé e, wọ́n á sì fi aró tó ki kùn ún, àwọ̀ kan fún bébà kan. Ooru omi gbígbóná ni wọ́n fi ń mú kí aró náà jókòó. Lórí òfì, ahunṣọ á máa yọ àwọn òwú ìbú àkọ́kọ́ yẹn dànù bó ṣe ń hun ojúlówó. Hogushi ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí. Ní Isesaki, wọ́n tún máa ń tẹ àwòrán sára òwú ìbú, kí tòòró àti tìbú lè pàdé lórí òfì. Heiyo nìyẹn, iṣẹ́ rẹ̀ sì nira jù.

Nǹkan mẹ́ta ló tìdí èyí yọ. Ojú àti ẹ̀yìn aṣọ rí bákan náà. Òdòdó kò lè bó tàbí kó là bí ohun tí a kùn lé aṣọ lórí. Tí òwú bá já, òdòdó ti já nìyẹn. Kò sí ọ̀dà tí ẹ lè fi kùn ún tí kò ní hàn.

Kí ẹ tó fowó sílẹ̀

Tí ẹ bá ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya àwòrán ibi mẹ́rin fún yín láti ìtòsí: kọ́là, abẹ́ abíyá, àárín ẹ̀yìn níbi tí ìdí ń jókòó sí, àti ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni kìmónò ti kọ́kọ́ ń gbó. Ẹni tó bá ń fi àwòrán iwájú nìkan hàn yín, tí kò fẹ́ ya ìyókù, ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo etí òdòdó. Ní hogushi, etí òdòdó máa ń gbọ̀n lọ sókè sódò bí ẹni pé ìka fà á díẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá òsì àti ọ̀tún á mọ́. Ní heiyo, yíká-yíká ni etí náà ń gbọ̀n. Tí etí bá mọ́ gbọnrangandan níbi gbogbo, tí ẹ̀yìn aṣọ sì ṣá ju ojú lọ, títẹ̀ ni wọ́n tẹ òdòdó sórí aṣọ tí wọ́n ti hun tán. Kò túmọ̀ sí pé aṣọ burúkú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe meisen, kò sì yẹ kí ẹ san owó meisen lé e.

Ẹ wo èjìká. Aṣọ kan ṣoṣo ló ti ìṣẹ́tí iwájú gun èjìká kọjá dé ìṣẹ́tí ẹ̀yìn, kò sí ojú ìrán lórí èjìká. Tí gbogbo òdòdó bá kọjú síbì kan, tí ti iwájú bá dúró dáadáa, ti ẹ̀yìn á dojú dé. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ya meisen fi máa ń jẹ́ kí òdòdó kan kọjú sókè, kí èkejì kọjú sódò, lórí aṣọ kan náà. Tí ẹ bá rí kìmónò tí òdòdó rẹ̀ dúró ṣánṣán níwájú àti lẹ́yìn, tí ó sì ń bá ara rẹ̀ lọ lórí ojú ìrán láìjá, irú aṣọ mìíràn nìyẹn, èyí tí wọ́n kùn lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e ní ìwọ̀n. Aṣọ òde ńlá ni, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ọjọ́ orí aṣọ, apá rẹ̀ ló sábà máa ń sọ ọ́. Ẹ wọn apá bó ṣe rọ̀ sílẹ̀, láti èjìká dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó bá ju 55 cm lọ sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí. Lẹ́yìn ogun náà, nǹkan bí 49 cm ló di àṣà. Ṣùgbọ́n ẹ tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apá, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ká aṣọ sínú. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n gé kúrú lọ́nà bẹ́ẹ̀ kó lè bá ìgbà mu. Aṣọ inú, ìyẹn aṣọ tí wọ́n rán mọ́ abẹ́ kìmónò, tó bá pupa fòò náà jẹ́ àmì ìgbà tó ṣáájú ogun. Ẹ rántí aṣọ inú pupa yìí, a ṣì máa padà sórí rẹ̀, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ kìmónò rú.

Ní ti agbára aṣọ: tó bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka mú un níbi ìdí ní ìwọ̀n 5 cm síra, kí ẹ sì fà á níbùú díẹ̀díẹ̀. Tó bá dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tàbí tí òwú bẹ̀rẹ̀ sí í lanu, aṣọ àfiṣọ̀ṣọ́ ara ògiri ni, kì í ṣe aṣọ wíwọ̀ mọ́. Kò sí oògùn tó ń dá agbára padà sínú ṣẹ́dà tí oòrùn àti òógùn ti jẹ.

Ṣé ṣẹ́dà ni lóòótọ́?

Ẹni tó ti fọwọ́ kan sányán rí á tètè mọ̀ ọ́n, torí meisen náà ní kókó wẹ́wẹ́ nínú òwú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò rọ̀ tẹ̀rẹ̀tẹ̀rẹ̀ bíi sátínì. Ìdí ni pé òwú tí kò dọ́gba, irú èyí tó ń wá láti inú ilé tí kòkòrò méjì jọ hun pọ̀, ni wọ́n máa ń lò. Síbẹ̀ ẹ fi iná dán an wò. Ẹ yọ òwú òòró kan àti òwú ìbú kan, 3 cm péré, láti inú etí tó wà lẹ́yìn ojú ìrán. Ẹ fi ẹ̀mú mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lókè abọ́ omi, kí ẹ sì mú iná súnmọ́ ọn.

Ṣẹ́dà á jó díẹ̀díẹ̀, á rùn bí irun tó jóná, á sì kú fúnra rẹ̀ tí ẹ bá gbé iná kúrò. Eérú rẹ̀ dúdú, ó sì ń fọ́ lẹ́búlẹ́bú. Rayon, ìyẹn òwú àtọwọ́dá kan tó jọ ṣẹ́dà, á jó kíákíá, á rùn bí bébà. Polyester á yọ́, á sì di kókó líle tí èékánná kò lè fọ́. Ìdí tí a fi ní kí ẹ dán òwú méjèèjì wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni pé àwọn kan da rayon pọ̀ mọ́ ṣẹ́dà. Rayon tó bá tutù máa ń pàdánù agbára tó tó ìdajì. Tí ẹ bá rí i nínú òwú kan, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ omi.

Òdòdó wo nìyí, ìgbà wo sì ni tirẹ̀?

Tí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ó dára kí ẹ mọ̀. Ume, tí ewé òdòdó rẹ̀ jẹ́ márùn-ún róbótó, jẹ́ ti oṣù January sí February. Sakura náà ní márùn-ún, ṣùgbọ́n orí ewé kọ̀ọ̀kan là díẹ̀. March ni tirẹ̀. Botan, òdòdó ńlá oníwúruwùru, wà fún April àti May. Ayame, tí ewé rẹ̀ gùn bí idà, jẹ́ ti May. Kiku, tí ewé òdòdó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì pọ̀, jẹ́ ti September sí November. Tsubaki, olódòdó pupa tí ọkàn rẹ̀ yẹ́lò, jẹ́ ti ìgbà òtútù títí di ìbẹ̀rẹ̀ ìrúwé. Àwọn ará Japan fẹ́ràn kí aṣọ ṣáájú òdòdó gan-an díẹ̀. Ẹni tó wọ sakura nígbà tí sakura ti ń rẹ̀ dànù ti pẹ́. Àmọ́ meisen kì í le koko lórí èyí. Tí òdòdó orí rẹ̀ bá jẹ́ róòsì tàbí tọ́lípù, tàbí tí wọ́n da òdòdó ìgbà mẹ́ta pọ̀, tàbí tí wọ́n yà á débi pé kò jọ òdòdó kan pàtó mọ́, ìgbàkígbà ni.

Ohun tí wọ́n ń wò gan-an ni aṣọ inú. Kìmónò tó ní aṣọ inú wà fún October sí May, èyí tí kò ní in wà fún June àti September.

Wíwọn

Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí aṣọ funfun mímọ́, kí ẹ kọ ìwọ̀n wọ̀nyí sílẹ̀ ní cm kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn:

– gígùn, láti ibi kọ́là ní àárín ẹ̀yìn dé ìṣẹ́tí. Fún wíwọ̀ tó pé, ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíga ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́, torí wọ́n ń ká ìyókù sí ìbàdí. Àwọn ti àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ 145 sí 155 cm.
– láti àárín ẹ̀yìn ọrùn dé etí apá: 60 sí 64 cm nínú àwọn ti àtijọ́. Èyí ló máa ń kéré jù fún ẹni òde òní tí apá rẹ̀ gùn.
– ìbú ẹ̀yìn láti àárín dé ẹ̀gbẹ́, nǹkan bíi 28 sí 30 cm. Ìbú iwájú, 22 sí 24 cm. Okumi, ìyẹn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi kún etí iwájú, 15 cm.

Tó bá kéré, ẹ má bínú sí i kíákíá. Aṣọ tí wọ́n hun fún kìmónò kan fẹ̀ tó nǹkan bíi 36 cm, ó sì gùn tó mítà 12. Wọn kì í gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù. Inú ojú ìrán ni wọ́n ń ká a sí. Ẹ tẹ ojú ìrán tí wọ́n fi so apá mọ́ ara aṣọ àti ti ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́, ẹ ó mọ iye tó kù nínú. Nígbà mìíràn wọ́n tún ká aṣọ sí ìbàdí nínú, tí a lè tú láti fi kún gígùn. Ìṣòro rẹ̀ kan ni pé ibi tó ti fara pamọ́ kò ṣá. Tí ẹ bá tú u síta, ìlà kan tí àwọ̀ rẹ̀ le ju ìyókù lọ á yọ, ó sì máa ń burú jù lára àlùkò, torí àlùkò ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣá. Ẹ ṣí 2 cm wò kí ẹ tó tú gbogbo rẹ̀.

Fífẹ́ àti gbígbá eruku

Ẹ fi ọ̀pá ti inú apá méjèèjì, kí ẹ gbé e kọ́ sínú ilé níbi tí oòrùn kò dé, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Òórùn tó bá kù lẹ́yìn èyí, ẹ tún un fẹ́. Ẹ má fọ́n lọ́fíńdà tàbí oògùn òórùn sí i: ìkán omi lásán lè fi àbàwọ́n róbótó sílẹ̀ lára ṣẹ́dà tí wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀ mú le.

Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń fa eruku, ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì efọn mímọ́ lé aṣọ lórí, kí ẹ dín agbára ẹ̀rọ kù dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì máa gbé e kalẹ̀, gbé e sókè, láì wọ́ ọ. Ojú ìrán àti ìsàlẹ̀ apá ni eruku ń kó sí jù.

Àbàwọ́n: èyí tó ń lọ, èyí tí kì í lọ

Àmì yẹ́lò tàbí búráùn kéékèèké tó tú ká sí aṣọ inú àti èjìká ti pẹ́ níbẹ̀. Kò ní bá omi lọ. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbìyànjú lẹ́yìn náà ni bílíìṣì, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń pa aṣọ. Bílíìṣì oní-chlorine, irú Jik, máa ń yọ́ ṣẹ́dà gan-an, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ nìkan. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n fi oògùn tó ń jẹ àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ àti oúnjẹ sí náà kò dára, torí ohun tó ń jẹ àbàwọ́n yẹn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ṣẹ́dà. Irú èròjà kan náà, purotéènì, ni wọ́n. Ẹ fi àmì náà sílẹ̀. Lórí aṣọ olódòdó ńlá, ojú àlejò kì í dé ibẹ̀.

Ìdọ̀tí kọ́là, tí í ṣe òróró ara àti àtíkè, lè lọ, ṣùgbọ́n omi kọ́ ló ń mú un. Ẹ gbé e fún onídráíkílíìnì tó mọ ṣẹ́dà, kí ẹ sì sọ fún un pé aṣọ inú pupa wà níbẹ̀. Tó bá ní kò séwu kó tó wò ó, ẹ gba aṣọ yín padà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí pupa yẹn. Aró rẹ̀ kò lẹ̀ dáadáa. Òógùn abíyá nìkan tó láti gbé e gba inú aṣọ jáde sí ojú òdòdó, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ meisen fi ní òjìji pupa rẹ́súrẹ́sú lábẹ́ apá. Tí gbogbo aṣọ bá bọ́ sínú omi pẹ̀lú aṣọ inú pupa rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí funfun inú òdòdó di pupa rẹ́súrẹ́sú, kò sì ní padà. Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo tí a kò ní jẹ́ kí ẹ bá wa jiyàn lé: ẹ má ṣe fi omi fọ kìmónò tó ṣì ní aṣọ inú.

Títú u, fífọ̀ ọ́

Àwọn ará Japan fúnra wọn máa ń tú kìmónò palẹ̀ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Wọ́n á fọ̀ ọ́ ní ègé-ègé, wọ́n á fi ọ̀pá oparun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní abẹ́rẹ́ ní ẹnu méjèèjì na ìbú rẹ̀ títí yóò fi gbẹ, wọ́n á sì tún un rán. Arai-hari ni wọ́n ń pè é. Nítorí pé wọ́n rán an kó lè ṣeé tú ni òwú ìrán rẹ̀ kò fi le.

1. Ẹ ya fọ́tò ojú ìrán kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

2. Ẹ yọ apá méjèèjì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kọ́là, lẹ́yìn náà okumi, ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi àárín ẹ̀yìn parí rẹ̀. Ẹ máa gé òwú ní gbogbo ìrán mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì fi ẹ̀mú fà á yọ. Ẹni tó bá fi ọwọ́ méjèèjì fa ojú ìrán ya á já òwú òdòdó mọ́ ọn. Ẹ so òwú funfun mọ́ igun ègé kọ̀ọ̀kan: kókó kan fún òsì, méjì fún ọ̀tún.

3. Ẹ dán àwọ̀ wò. Ẹ fi omi àti ẹ̀kán ọṣẹ kan rẹ aṣọ òwú funfun kékeré, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan níbi tó fara sin fún ìṣẹ́jú 2. Pupa, àlùkò àti dúdú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tí aṣọ funfun náà bá gba àwọ̀, ẹ dúró níbẹ̀. Fífẹ́ àti eruku gbígbá nìkan ni tirẹ̀. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nílé máa ń fi iyọ̀ sómi kí àwọ̀ má baà jáde. Iyọ̀ kì í di aró mú lára aṣọ tó ti dàgbà báyìí.

4. Ẹ wò ó bóyá aṣọ náà jẹ́ chirimen, ìyẹn ṣẹ́dà tí ojú rẹ̀ hunjọ kínníkínní. Òwú rẹ̀ ni wọ́n lọ́ gidigidi. Tó bá kan omi, òwú náà á ká pọ̀, aṣọ á sì sún kì lójú yín. Meisen kì í sún tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ inú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ chirimen.

5. Ẹ bu omi lítà 5 sínú bàsíà fún ègé kan, tí kò gbóná ju 25°C lọ. Ẹ fi ṣíbí tíì kan, 5 ml, ọṣẹ olómi tí kò ní acid tàbí alkali sí i. Ẹ tẹ aṣọ náà bọ̀ ọ́, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ máa gbé e, fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ má fún un, ẹ má fi ọwọ́ pa á: ṣẹ́dà tó tutù máa ń fara bó, ibi tó bó náà á sì máa funfun lẹ́yìn tó bá gbẹ.

6. Ẹ fi omi tí ooru rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ ṣàn án ní ẹ̀mẹta. Nínú omi ìkẹyìn, ẹ fi ọtí kíkan funfun 15 ml sí lítà 5. Yóò lé ìyókù ọṣẹ, ojú aṣọ á sì tún dán. Tí àwọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójijì ní ìgbésẹ̀ yìí, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òkìtì. Ẹ máa gbé e nínú omi tútù tó ń ṣàn títí omi yóò fi mọ́, kí ẹ sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lójú ẹsẹ̀.

7. Ẹ ká a mọ́ inú táwẹ́ẹ̀lì funfun, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sábẹ́ òjìji. Kó tó gbẹ tán, ẹ fi aṣọ òwú funfun lé e, kí ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tí kò ju 140°C lọ, láti òkè lọ sísàlẹ̀, pẹ̀lú òwú òòró. Tí ẹ bá lọ̀ ọ́ níbùú, òdòdó róbótó á di olóju-ẹyin, etí aṣọ á sì wọ́.

Aṣọ tó jáde nínú omi lè rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń sè láti inú koríko òkun, funori, ni wọ́n fi ń mú un le ní Japan. Ẹ má fi sítáàṣì inú agolo rọ́pò rẹ̀. Ó máa ń fọ́ ní ibi tí aṣọ bá ti ká, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Rírán padà àti títún un ṣe

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, àní lọ́wọ́ télọ̀ tó mọṣẹ́, ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ àti òwú polyester rán an. Òwú náà le ju aṣọ lọ. Nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá jókòó, ohun tó yẹ kó já ni òwú ìrán, tí ẹ ó tún rán ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí òwú bá wá kọ̀ tí kò já, aṣọ ló máa ya. Òwú ṣẹ́dà tàbí òwú ẹ̀gbọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ìrán àtẹ̀lé-ń-tẹ̀lé tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 3 sí 4 mm. Lẹ́yìn ìrán 20 cm kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka fa aṣọ lọ lójú òwú kó nà, kó má baà súnkì. Lẹ́yìn náà ẹ ká aṣọ kọjá lórí ìlà ìrán ní ìwọ̀n 2 mm, kí ẹ lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìkákò yẹn, kise, ló ń fi òwú pamọ́, tí ojú ìrán fi ń rí bí ìlà mímọ́ kan láàárín òdòdó.

Ibi ìdí, níbi tí òwú òòró ti ń sún kúrò létí ìrán, tí ihò kéékèèké bí àtẹ̀gùn sì ń yọ: ẹ má fún ìrán náà pọ̀ sí i. Ẹ tú u, ẹ fi abẹ́rẹ́ sún àwọn òwú padà síbi wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rán ìlà tuntun ní 3 mm síwájú sínú aṣọ. Tí kìmónò náà kò bá ní aṣọ inú, ẹ fi aṣọ ìtìlẹ́yìn tó rọ̀ rán mọ́ inú ibi ìdí, láti abẹ́ ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Ishiki-ate ni orúkọ rẹ̀. Etí òkè àti ẹ̀gbẹ́ nìkan ni kí ẹ rán mọ́ ojú ìrán. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní òmìnira.

Fún ihò tàbí yíya, ẹ wá ṣẹ́dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ bá ilẹ̀ òdòdó mu. Ẹ gé e kó fi 2 cm tóbi ju ihò lọ yíká, ẹ fi sẹ́yìn, kí òwú òòró rẹ̀ bá ti aṣọ lọ síbì kan náà. Ẹ tẹ́ àwọn òwú tó já sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ fi òwú ṣẹ́dà tẹ́ẹ́rẹ́ dè wọ́n mọ́lẹ̀ ní ìlà-ìlà tó jìnnà síra ní 5 mm. Àlẹ̀mọ́ tí áyọ́ọ̀nù ń lẹ̀ yá, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀ rẹ̀ á le, ihò tuntun á sì yọ ní etí rẹ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò ṣeé yọ mọ́.

Ọ̀nà tó gbọ́n jù kò ní àlẹ̀mọ́ nínú rárá: pípààrọ̀. Gbogbo ègé kìmónò lọ gbọọrọ, kò sí èyí tí wọ́n gé ní ìrísí ara. Okumi òsì ló wà lókè tí ayé ń rí, torí òsì ló ń bo ọ̀tún. Tọ̀tún fara pamọ́ sábẹ́. Tí okumi òsì bá ti gbó tàbí tó ní àbàwọ́n, ẹ gbé e lọ sí ọ̀tún, kí ẹ gbé tọ̀tún wá sí òsì. Nítorí pé ojú àti ẹ̀yìn meisen rí bákan náà, ẹ tún lè yí aṣọ náà padà, kí ojú tí oòrùn jẹ lọ sínú. Kí ẹ tó rán, ẹ tẹ́ gbogbo ègé sílẹ̀ kí ẹ dúró jìnnà wò ó. Òdòdó tó tóbi jù kò gbọdọ̀ bọ́ sí àárín ìdí gan-an, méjì tó dọ́gba kò sì gbọdọ̀ dúró sí àyà ní ìdojúkọ ara wọn. Ẹ sún ègé kan sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀ bí aṣọ bá ṣẹ́ kù.

Kíká àti fífi pamọ́

Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí kọ́là wà lọ́wọ́ òsì yín, ìṣẹ́tí lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ ká iwájú tó súnmọ́ yín lójú ìrán ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ká okumi rẹ̀ padà sọ́dọ̀ yín lójú ìrán tirẹ̀. Ẹ mú okumi ọ̀hún wá lé e, etí lé etí, kọ́là lé kọ́là. Ẹ mú ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ tó wà lọ́hùn-ún wá pàdé ti ìhín. Ẹ̀yìn á ká lójú ìrán àárín rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ká apá òkè sórí aṣọ, apá ìsàlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ká gbogbo rẹ̀ sí méjì, kí ẹ sì fi bébà funfun tí kò ní acid, tí ẹ ká róbótó, sí ibi tó ti ká, kí òwú má baà já lójú kan náà lọ́dọọdún.

Bébà tatoushi ni wọ́n ń fi wé e ní Japan, inú àpótí igi kiri ni wọ́n sì ń kó o sí. Aṣọ òwú funfun tí ẹ ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láì fi sítáàṣì sí náà tó. Ọ̀rá ni kí ẹ má lò, torí ó ń há ọ̀rinrin mọ́nú. Bí afẹ́fẹ́ bá ní ọ̀rinrin tó ju 65% lọ fún ìgbà pípẹ́, ṣẹ́dà á bu, èyí sì jẹ́ ìṣòro gidi fún ẹni tó ń gbé Èkó lásìkò òjò. Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ kó o jáde fẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Japan náà ti ń fẹ́ tiwọn ní January àti February tí afẹ́fẹ́ wọn gbẹ.

Ní ti kòkòrò, irú oògùn kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sínú àpótí kan. Káńfọ̀ tòótọ́ láti ara igi, naphthalene, àti paradichlorobenzene máa ń yọ́ tí wọ́n bá pàdé, omi wọn á sì kán sórí aṣọ bí òróró. Ẹ ṣọ́ra: bọ́ọ̀lù funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà wa ní orúkọ káńfọ̀ sábà máa ń jẹ́ naphthalene, nígbà tí kìmónò tó ti Japan dé lè ti gbé káńfọ̀ igi nínú òwú rẹ̀ wá. Ẹ fẹ́ ẹ títí òórùn náà yóò fi lọ kí ẹ tó fi tiyín sí i. Inú àpò aṣọ kékeré ni kí oògùn náà wà, lókè aṣọ, kó má kàn án.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri, ọ̀pá tí ó nípọn tó 3 sí 4 cm, tí ó gùn tó 150 cm, tí ẹ fi aṣọ òwú mímọ́ wé, ni kó gba inú apá méjèèjì. Ògiri tí oòrùn kò tàn sí ni. Ìmọ́lẹ̀ 50 lux, tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, ni àwọn mùsíọ́mù máa ń fi aṣọ ṣẹ́dà sí, oṣù mẹ́ta sì ti tó kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ ká a, kí ẹ sì gbé òmíràn kọ́.